Òpó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Tòmátì

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé tòmátì bàbá mi gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà, kò sì sí ẹni tó yọ sílẹ̀, láti orí èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án títí dé orí ìyá mi, tó máa ń kọ́kọ́ wo bàbá mi láti òkè délẹ̀ kó tó bọ́ tirẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni bàbá mi ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run níbẹ̀. Mo gbà pé láti ọjọ́ tó ti na ọ̀rá bo ilé yẹn tán, tí oòrùn là á kọjá tí gbogbo inú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ rekete, ni ilé méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀. A kì í pariwo níbẹ̀. A kì í jẹun níbẹ̀. A kì í fọwọ́ kan ewé láìnídìí. Mo sín níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì tọrọ àforíjì, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pobẹ̀ ni à ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn ọjà, nínú agboolé kékeré kan tó ní yàrá mẹ́ta, kànga kan, igi ọsàn kan, àti àgbàlá kan tí oòrùn kì í kúrò níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ló ń jí mi láràárọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí àwọn ọlọ́kadà tí àwa ń pè ní zẹmijan á máa pe èrò Sakété lójú títì, nígbà tó bá sì yá, ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi á gba gbogbo ariwo náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Aránṣọ ni bàbá mi. Aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ló ń rán jù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dé Sakété pé ojú ìrán rẹ̀ kì í tú. Ọjọ́ tó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Àjàṣẹ́ ló rí ilé ọ̀rá kan nínú ọgbà ọkùnrin náà, tí tòmátì pọ́n yẹbẹyẹbẹ nínú rẹ̀ ní àárín òjò. Lọ́dọ̀ wa, tòmátì ní ìgbà tirẹ̀: bí òjò bá pọ̀ jù, á jẹrà lórí igi, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ. Bàbá mi padà wálé, kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀nà tó fi mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, tó ya ilé náà sórí tábìlì ìránṣọ. "Sẹ́ẹ̀rì ni wọ́n ń pè é ní Faransé," ló wí fún wa. "Ìgbà kígbà tó bá wù ọ́ lo máa gbin nǹkan sí i. Òjò kò kàn ọ́, ẹ̀ẹ̀rùn kò kàn ọ́." Ìyá mi wo àwòrán náà, ó ní ẹni tó bá máa lo tábìlì yẹn láti gé aṣọ lọ́la yóò kọ́kọ́ nù ún.

Bí ó ṣe kọ́ ọ nìyí. Ó ri òpó igi gbọọrọ kan sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọparun gígùn kan lé orí òpó náà, ọparun yẹn sì gba orí ìlà tòmátì àkọ́kọ́ kọjá dé ìparí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so mọ́ ọparun náà, igi tòmátì kọ̀ọ̀kan sì ní okùn tirẹ̀ tó ń gùn. Ìlà kejì àti ìlà kẹta ní ọparun tiwọn, àwọn òpó ẹ̀yìn ló sì gbé wọn ró. Ó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe òrùlé, ó sì to imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ lé e lórí kí oòrùn ọ̀sán má baà sun ewé. Ní ti ògiri, àwọ̀n ẹ̀fọn ló fi ṣe é, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán wọn pọ̀, ojú ìrán méjì méjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rán aṣọ àwọn àgbà ìjọ. Ó rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ aṣọ tó nípọn tó bò mọ́lẹ̀. Ó rán aṣọ ìkélé méjì sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó parí, ó dúró láàárín rẹ̀, ó ní eṣinṣin kan ṣoṣo kò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ló sọ, òun ló sì fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣùgbọ́n ibi tó kọ́ ọ sí ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbàlá tí oòrùn kì í kúrò níbẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti ń sá láfún, láfún yẹn ló sì ń tà lọ́jà. Ó lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Ita-Jẹ̀bú, ó sun ibẹ̀ lọ́jọ́ méjì, nígbà tí táksì já òun àti àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òpó ti wà nílẹ̀, ọparun ti wà lókè. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó fọ àwo. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ti wá ibi kan jókòó sí.

"Bàbá Àṣàkẹ́," ló wí, "ibo ni kí n máa sá láfún mi sí?"

"Lọ́dọ̀ Ìyá Rosíìnì," ni bàbá mi dáhùn. Ìyá Rosíìnì ni aládùúgbò wa tó wà lódì kejì ọgbà. "Mo ti bá a sọ ọ́. Àgbàlá tiẹ̀ fẹ̀."

"Ìyá Rosíìnì ní ewúrẹ́ márùn-ún."

"Àṣàkẹ́ á máa ṣọ́ ọ."

Èmi Àṣàkẹ́ kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi mí. Ìyá mi ní: "Ó dáa. Mo fún yín di Nowẹ̀lì, ọdún ìbí Olúwa. Àmìwó, ọkà àgbàdo pupa tí a máa jẹ lọ́jọ́ náà, tòmátì inú ilé ọ̀rá yín ni n ó fi rò ó. Bí mo bá fi lè ra tòmátì lọ́jà fún Nowẹ̀lì, ọjọ́ kejì ni n ó tú ọ̀rá yẹn lulẹ̀, n ó tẹ́ ẹ, n ó sì sá láfún mi lé e lórí." Kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀ lásán, bàbá mi sì mọ̀. Ó na ọwọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ra ilẹ̀. Èmi, mo fẹ́ kí ilé náà dúró ju ohunkóhun lọ, nítorí mi ò tíì rí bàbá mi kó dunnú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ nídìí ẹ̀rọ, ẹni tó jẹ́ pé ìṣírò ìbú aṣọ nìkan ló máa ń sọ jáde lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ mi pọ̀ ní ọdún yẹn. Bí mo bá jí, màá fa omi, màá bọ́ bàtà, màá fi arosuwáà, garawa ìbomirin tí ẹnu rẹ̀ ní ihò wínníwínní, bomi rin ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí igi nìkan, kì í ṣe ewé. Bí ìwé bá tán ní lekọ́ọ̀lù tí mo sì dé, màá lọ jókòó ti láfún lọ́dọ̀ Ìyá Rosíìnì, èmi pẹ̀lú pàṣán kékeré kan, níwájú ewúrẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rí mi. Mo kórìíra àwọn ewúrẹ́ yẹn pẹ̀lú orúkọ kálukú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tòmátì ń dàgbà. Wọ́n gun okùn wọn títí wọ́n fi ga ju orí mi lọ, ewé wọn dúdú, òórùn wọn sì máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ títí di alẹ́. Nígbà tí òdòdó pupa rúsúrúsú yọ lára wọn, bàbá mi pe gbogbo ilé wá wò ó. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ọmọ á yọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òdòdó gbẹ, ó já bọ́. Òmíràn yọ, òun náà gbẹ, ó já bọ́. Ilẹ̀ abẹ́ igi kún fún òdòdó gbígbẹ, kò sì sí èso kan ṣoṣo, kódà èyí tó tó ojú abẹ́rẹ́. Bàbá mi fi ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ó dín omi kù, ó tún fi kún un. Ó tan àbẹ́là sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbàdúrà, ó sì wọ́n omi àdúrà ká gbogbo ibẹ̀. Ìyá Rosíìnì ti orí ọgbà yọjú, ó ní bóyá ojú burúkú ló wọ inú rẹ̀. Ìyá mi ní ojú wo ló máa rí ibi wọlé nínú ohun tí ọkọ òun rán. Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà á ní àwàdà. Ó mú abẹ́rẹ́ ọwọ́, ó yí ilé náà ká, gbogbo ihò kékeré tó rí, ó dí i. Bó ṣe ń rán an mọ́ ni òdòdó ń já bọ́, ìyá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ọ̀rá náà láti ìta. Bàbá mi kò kọrin nídìí ẹ̀rọ mọ́. Èmi pàápàá sunkún lẹ́yìn kànga, mo sì fi ojú mi sẹ́nu garawa kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí Ìyá Yoko dé. Ìyá tó bí ìyá mi ni, Yoko ló ń gbé, orúkọ ibẹ̀ ni àwa ọmọ fi ń pè é. Bí iṣẹ́ oko bá dínkù lọ́dọọdún, á wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa. Orí zẹmijan ló wà nígbà tó dé, àkùkọ ọdún wà láàárín apá rẹ̀, ó sì ń bá ọlọ́kadà jà pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù fún adìẹ. Ìyá Yoko kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan. Ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀ ló ń ṣe ní pẹ̀lẹ́tù, kò dá sí ti bàbá mi, bàbá mi náà kò dá sí tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n sọ fún un pé kó bọ́ bàtà kó tó wọ ilé tòmátì, ó ní kò sí wàhálà, òun kò tiẹ̀ wọ bàtà wá láti Yoko. Ṣùgbọ́n òun náà ní àṣà tirẹ̀. Nínú agboolé bàbá rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kò ní ilẹ̀kùn nígbà èwe rẹ̀, àlejò kì í sì í kàn dédé wọlé. Òpó ẹnu ọ̀nà ni á dì mú, á mì ín dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé lè gbọ́ ọ, á wá kí wọn. Kò ní wọlé títí ẹnìkan á fi dá a lóhùn.

Ìyá Yoko di òpó ilé tòmátì mú, ó mì ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọparun orí rẹ̀ mì, okùn mì, gbogbo ìlà àkọ́kọ́ sì ń jó. "Àgò o," ló wí. Ó dúró. Kò sí ẹni tó dáhùn, nítorí èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti di mí lọ́fun. "Àgò o," ló tún wí, ó sì tún òpó náà mì. Nígbà tí mo rí i pé ó lè wà níbẹ̀ di ọ̀sán, mo ní, "Àgò yà, Ìyá." Nígbà náà ló wọlé, tó ń kí àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ṣe é láràárọ̀ nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì tún máa ń ṣe é nírọ̀lẹ́ bó bá ráyè.

Bàbá mi fara dà á títí ó fi rí i pé ojú ìrán kan ti ń tú létí òpó. Ó lọ bá a lórí ẹní tó jókòó sí, ó sì rọra sọ ọ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi òpó yẹn mọ́. Kò sí èèyàn nínú ilé náà."

"Ohun tó bá ń mí ni mò ń kí," ni Ìyá Yoko dá a lóhùn.

"Òdòdó ń já bọ́, Ìyá. N ò tíì ní ẹyọ tòmátì kan."

"Kí n tó dé, ṣé kò já bọ́ ni?"

"Ó ń já bọ́. N ò fẹ́ kó pọ̀ sí i ni."

Ìyá Yoko ní ó dáa, òun kò ní í dé ibẹ̀ mọ́, ìkíni kì í ṣe tipátipá. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń lọ síbi kànga, á gba ẹ̀yìn igi ọsàn yípo kí ó má baà kọjá lẹ́bàá ilé náà. Inú ìyá mi kò dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni inú bàbá mi kò dùn pé òun sọ ọ́. Nowẹ̀lì ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọjọ́ kẹta sí i ni mò ń bomi rin ìdí igi, tí mo tẹrí ba láti yọ koríko, tí mo sì rí nǹkan róbótó kan tó tó ẹyin aláǹgbá lábẹ́ ewé. Mo fọwọ́ kàn án, ó le. Mo wo igi kejì, ó wà níbẹ̀. Mo wo ìkẹta, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo sáré dé ìparí ìlà náà, kò sí igi kan tí kò ní. Mo bọ́ sí ìlà kejì, mo wò ó títí, òdòdó gbígbẹ nìkan. Ìlà kẹta, bákan náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì. Omi kan náà ni mò ń bu fún wọn. Ìgbẹ́ adìẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Mo wá gbójú sókè, mo rí ọparun ìlà àkọ́kọ́, mo fi ojú tẹ̀lé e títí ó fi dé orí òpó ẹnu ọ̀nà, mo sì sáré jáde.

Mo fa bàbá mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó tẹrí ba, ó wò ó, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, omi lé sí i lójú. "Omi àdúrà náà ni," ló wí. "Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn."

"Bàbá, ìlà kẹta lẹ wọ́n ọn sí jù. Ẹ da gbogbo èyí tó kù síbẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

"Àṣàkẹ́."

"Ìlà tí Ìyá Yoko ń mì ló so."

Ó ní kí n lọ ṣọ́ láfún. Mo bínú lọ, mo sì fi ìbínú náà lé ewúrẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Rosíìnì fi bi mí bóyá ara mi kò yá. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú ìgbálẹ̀ ìyá mi, mo lọ fa omi, mo sì rí òjìji kan nínú ilé tòmátì. Bàbá mi ni. Ó di ọparun ìlà kejì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mì ín, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí olè, ó wá sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé, "Àgò o." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo padà sẹ́yìn. Títí di òní, mi ò tíì jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìlà kejì náà fi so, nígbà tó sì mi ọparun ìlà kẹta, òun náà so. Nígbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú òdòdó tòmátì tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀ kí òdòdó náà tó di èso, atẹ́gùn tàbí kòkòrò tó ń fò ló sì máa ń gbọ̀n ọ́n bọ́ síbẹ̀. Bàbá mi ti rán àwọn méjèèjì síta. Lóòótọ́, eṣinṣin kankan kò wọlé. Oyin náà kò wọlé, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ gba ojú àwọ̀n kò sì lágbára tó láti gbọn òdòdó. Nínú gbogbo ilé wa, ẹni kan ṣoṣo ló ń gbọn àwọn igi náà, ẹni náà sì ni bàbá mi lé jáde.

Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá Yoko, ní ọ̀sán gangan, tí Ìyá Rosíìnì ń wò láti orí ọgbà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí àwọn igi yẹn."

Ìyá Yoko ń bó ẹ̀pà. Ó bó mẹ́ta mẹ́rin sí i kó tó sọ̀rọ̀. "Mo rò pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Dìde, ìdọ̀tí ti mọ́ aṣọ rẹ." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó sì lọ di òpó mú. Bàbá mi ló wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, òun ló sì dáhùn. Ojú ìrán tó ń tú létí òpó, ó fi okùn tó nípọn rán an le, kó lè gba mímì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Nowẹ̀lì, ìyá mi gbé agbọ̀n, ó lọ sẹ́nu ilé náà, ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Bàbá mi tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìlà kejì àti ìkẹta ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló ní èyí tó pọ́n, mọ́kànlá ló sì pọ́n. Ìyá mi já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn jókòó sínú agbọ̀n bí ẹyin. Ó pa àkùkọ Yoko, ó bọ̀ ọ́, ó lọ tòmátì, ó ro ìyẹ̀fun àgbàdo nínú omi ọbẹ̀ náà títí ó fi pupa, òórùn rẹ̀ sì fa Ìyá Rosíìnì wá pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Gbogbo wa jókòó yí i ká. Kò sí ẹni tó jẹun títí ìyá mi fi bu òkèlè àkọ́kọ́. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó wo bàbá mi.

"Ó kéré," ló wí.

Mo rí i bí èjìká bàbá mi ṣe wálẹ̀.

"Ilé yẹn," ni ìyá mi wí. "Ilé yẹn ló kéré. Ẹ fà á gùn dé ibi kànga. Ìyá Rosíìnì ti gbà pé òun á so àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí oṣù tí a kò já nǹkan níbẹ̀. Bí tòmátì bá sinmi, ẹ̀fọ́ gbọ̀mà á gba ipò rẹ̀, bí gbọ̀mà bá tán, a ó gbin ata, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí sàláàdì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń ti bìrò wọn wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Yoko ń wá lọ́dọọdún, ó ń mi òpó rẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn, títí di ọdún tí kò lè gun zẹmijan mọ́, ọdún tó tẹ̀lé e ló sì sùn ní Yoko lọ́jọ́ ogbó. Bàbá mi ti darúgbó báyìí. Ó ti gé fèrèsé ńlá sára àwọ̀n ní ìhà méjèèjì, oyin ń wọlé wọ́n ń jáde, èso sì ń pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọn ohunkóhun. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ kí wọn, mo jí lówùúrọ̀, mo sì wà nínú ilé náà tí mò ń bomi rin gbọ̀mà nígbà tí òpó ẹnu ọ̀nà mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Àgò o."

"Bàbá," ni mo wí, mò ń rẹ́rìn-ín, "oyin ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Kò yẹ kẹ́ ẹ máa da ara yín láàmú mọ́."

"Mo mọ̀," ló dáhùn láti ìta. Kò wọlé. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìkélé, bàtà ṣì wà níbẹ̀. Ó tún òpó náà mì, ó ní àgò o, ó sì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ó ń dúró dè mí.

"Àgò yà, Bàbá," ni mo wí. Nígbà náà ló tó bọ́ bàtà rẹ̀.